Agbẹjọ́rò Kìn-ín-ní ní Ilẹ̀ Àríwá: Ẹ̀kọ́ láti inú Ìgbésí Ayé Alhaji A. G. F. AbdulRazaq

Ẹ̀kọ́ ti ọ̀sẹ̀ yìí bẹ̀rẹ̀ láti Ọjà-Ọba ní ìlú Ìlọrin, ọjà tí ó wà nítòsí ààfin Ẹ́míà àti Mọ́ṣáláṣí ńlá. Bí a ti ń pín ìwé ìròyìn níbẹ̀ ní ọjọ́ kan, ìyá kan tí ó ń ta èlùbọ́ bi wá ní ìbéèrè. Ó ní, “Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tí ó fi jẹ́ pé àwọn lọ́yà ni ó máa ń pọ̀ nínú àwọn tí ń ṣe òṣèlú?” Kí a tó dáhùn, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó ń ti ọmọlańkẹ kọjá ti gba ọ̀rọ̀ náà mọ́ wa lẹ́nu. Ó ní, “Ìyá, ẹnu wọn ló mú. Ẹni tí ó bá mọ ọ̀rọ̀ í sọ ni ayé ń gbọ́ tirẹ̀.” Gbogbo àwọn tí ó wà nítòsí bú sẹ́rìn-ín.

Àwa náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ìdáhùn náà kò tẹ́ wa lọ́rùn. Bí ó bá jẹ́ ẹnu mímú nìkan ni, àwọn alágbàtà tí ó wà ní Ọjà-Ọba nìkan ìbá kún gbogbo ilé ìgbìmọ̀. Nítorí náà a pinnu láti fi ìtàn ọmọ Ìlọrin kan dáhùn ìbéèrè ìyá yìí. Ẹni náà ni olóògbé Alhaji AbdulGaniyu Fọlọ́runṣọ́ AbdulRazaq, ẹni tí ó kọ́kọ́ di agbẹjọ́rò nínú gbogbo ọmọ Àríwá Nàìjíríà. A bẹ ẹni tí ó bá ń ka ìwé yìí sókè fún àwọn ẹlòmíràn nínú yàrá ìkàwé pé kí ó kà á díẹ̀díẹ̀, kí ó sì dúró ní òpin ìpín kọ̀ọ̀kan kí àwọn olùgbọ́ lè bi ara wọn ní ìbéèrè.

Iṣẹ́ agbẹjọ́rò àti iṣẹ́ aṣòfin

Agbẹjọ́rò ni ẹni tí ó kọ́ ìmọ̀ òfin, tí a sì fún ní àṣẹ láti dúró níwájú adájọ́ kí ó sọ̀rọ̀ fún ẹlòmíràn. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti mọ ohun tí òfin wí, láti wá ẹ̀rí jọ, àti láti gbèjà ẹni tí ó gbé ẹjọ́ lé e lọ́wọ́. Ẹni tí a bá dìbò yàn sí ilé aṣòfin, iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti ṣe òfin náà gan-an: òfin owó orí, òfin ilẹ̀, òfin ilé ẹ̀kọ́ àti òfin ọjà. A lè fi aṣòfin wé alágbẹ̀dẹ tí ń rọ ọkọ́, kí a sì fi agbẹjọ́rò wé àgbẹ̀ tí ń fi ọkọ́ náà roko lójoojúmọ́. Àgbẹ̀ ni ó máa ń kọ́kọ́ mọ̀ bí ẹnu ọkọ́ kò bá mú. Nígbà tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá wá dé ilé alágbẹ̀dẹ, ó ti mọ ohun tí yóò sọ.

Láti ayé àwọn baba wa ni ó ti rí bẹ́ẹ̀. Christopher Sapara Williams, tí ó di agbẹjọ́rò ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1879, ni agbẹjọ́rò kìn-ín-ní nínú gbogbo ọmọ Nàìjíríà. Láti ọdún 1901 títí di ọjọ́ ikú rẹ̀ ní ọdún 1915, ó jókòó nínú Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ní Èkó. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ di agbẹjọ́rò ní ọdún 1946, ó sì di Olórí Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ní ọdún 1954. Olóyè Samuel Ládòkè Akíntọ́lá, tí ó gba ipò náà lẹ́yìn rẹ̀, agbẹjọ́rò ni òun náà. Àwọn obìnrin kò sì gbẹ́yìn nínú iṣẹ́ yìí: Stella Thomas, tí a bí ní Èkó, di agbẹjọ́rò ní ọdún 1933, ó sì di adájọ́ májísíréètì ní ọdún 1943. Ní òkèèrè, Abraham Lincoln ti Amẹ́ríkà ṣe iṣẹ́ òfin kí ó tó di Ààrẹ ní ọdún 1861. Nelson Mandela àti Oliver Tambo jọ ṣí ilé iṣẹ́ òfin ní Johannesburg ní ọdún 1952, nígbà tí ìjọba aláwọ̀ funfun ń ni àwọn ènìyàn wọn lára.

Ìdí tí Àríwá fi pẹ́

Ẹ jẹ́ kí a ka ọdún tí ó wà láàrin Sapara Williams àti AbdulRazaq. Láti ọdún 1879 dé 1955, ó jẹ́ ọdún 76. Ní gbogbo àkókò yẹn, kò sí ọmọ Àríwá kan ṣoṣo tí ó jẹ́ agbẹjọ́rò. Kí ló fà á?

Ìdí kìn-ín-ní ni pé kò sí ibi tí a ti lè kọ́ iṣẹ́ náà nílé. Ọdún 1962 ni a fi òfin dá Ilé Ẹ̀kọ́ Òfin ti Nàìjíríà sílẹ̀. Kí ó tó di ìgbà náà, ẹni tí ó bá fẹ́ di agbẹjọ́rò níláti wọ ọkọ̀ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, kí ó wọ ọ̀kan nínú ilé àwọn amòfin mẹ́rin tí ó wà níbẹ̀, kí ó sì ṣe ìdánwò. Ó tún gbọ́dọ̀ bá àwọn àgbà amòfin jẹun nínú gbọ̀ngàn wọn ní iye ìgbà tí a là sílẹ̀, kí ó lè kọ́ ìwà àti ìṣe wọn. Owó ńlá ni gbogbo èyí ń ná ènìyàn.

Ìdí kejì ni pé ẹ̀kọ́ ìwé gẹ̀ẹ́sì pẹ́ kí ó tó gbilẹ̀ ní Àríwá. Kì í ṣe pé àwọn ènìyàn ibẹ̀ kò ní ìmọ̀. Ìlọrin ti jẹ́ ìlú àwọn àáfà tipẹ́tipẹ́, wọ́n sì mọ òfin ẹ̀sìn Ìsìláàmù dunjú. Ṣùgbọ́n òfin tí ìjọba fi ń ṣe àkóso, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a fi kọ ọ́, kóòtù gíga sì ń fi èdè Gẹ̀ẹ́sì ṣe ẹjọ́.

Ìdí kẹta ni pé nínú kóòtù ìbílẹ̀, níbi tí alíkálì ti ń dájọ́ fún ọ̀pọ̀ mẹ̀kúnnù, òfin kò gba agbẹjọ́rò láàyè láti dúró fún ẹnikẹ́ni. Nítorí náà àwọn ènìyàn kò rí iṣẹ́ agbẹjọ́rò rí débi tí wọn yóò fi rán ọmọ lọ kọ́ ọ.

Àdánù ibẹ̀ kò kéré. Ní àwọn ọdún 1953, 1957 àti 1958, a ń ṣe àpérò ní Lọ́ńdọ̀nù lórí òfin tí a ó fi gba òmìnira. Ọ̀rọ̀ Ìlọrin fúnra rẹ̀ wà lára ohun tí a ń jiyàn lé lórí, nítorí àwọn kan ń fẹ́ kí a yọ Ìlọrin àti Kàbà kúrò lára Àríwá, kí a dà wọ́n pọ̀ mọ́ Ìwọ̀-Oòrùn. Ní ọdún 1957 ìjọba Gẹ̀ẹ́sì yan ìgbìmọ̀ kan láti gbọ́ ẹ̀dùn àwọn tí wọn kò pọ̀ ní ẹkùn wọn. Alága ìgbìmọ̀ náà, Sir Henry Willink, agbẹjọ́rò tí ó ti ṣe mínísítà ní ilẹ̀ rẹ̀ ni. Ní ọdún 1958 ìgbìmọ̀ náà gbé ìwé jáde, kò sì gbà pé kí a yí ààlà padà. Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ wo bí ọ̀ràn náà ti rí: a ń fi òfin pín ilẹ̀, a ń fi òfin dá ẹkùn sílẹ̀, àwọn tí ọ̀ràn kàn kò sì ní ọmọ púpọ̀ tí ó kọ́ iṣẹ́ òfin náà yanjú. Àwọn àgbà wa ní àgbà kì í wà lọ́jà, kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ṣùgbọ́n àgbà náà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dé ọjà.

Ìbí rẹ̀ àti ẹ̀kọ́ rẹ̀

Ní ọdún 1927 ni a bí AbdulRazaq. Ìlú Onitsha, ní etí odò Ọya, ni a bí i sí, ṣùgbọ́n ọmọ Ìlọrin ni àwọn òbí rẹ̀. Èyí kò yani lẹ́nu, nítorí kò sí ibi tí ọmọ Ìlọrin kì í dé. Apá ìlà-oòrùn orílẹ̀-èdè yìí ni ó ti ka púpọ̀ nínú ìwé rẹ̀. Nígbà tí a ṣí Yunifásítì Ìbàdàn ní ọdún 1948, tí a ń pè ní University College nígbà náà, ó wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó kọ́kọ́ wọlé síbẹ̀. Wọn kò ju 104 lọ.

Lẹ́yìn èyí ni ó kọjá sí Lọ́ńdọ̀nù láti kọ́ ìmọ̀ òfin ní Inner Temple, ilé àwọn amòfin kan náà tí Sapara Williams àti Awólọ́wọ̀ ti jáde. Ní ọdún 1955 a pè é sí ẹgbẹ́ àwọn agbẹjọ́rò. Kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún nígbà náà. Láti etí odò Ọya dé etí aṣálẹ̀, òun ni ẹni kìn-ín-ní tí ó wọ aṣọ dúdú àti irun funfun àwọn agbẹjọ́rò.

Bí ó ti wọ òṣèlú

Àkókò tí ó padà dé sílé jẹ́ àkókò tí òṣèlú gbóná gidigidi ní Ìlọrin. Ẹgbẹ́ Ìlọrin Tálákà Parapọ̀ ti dìde, wọ́n sì bá ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ, tí Awólọ́wọ̀ jẹ́ olórí rẹ̀, ṣe àjọṣe. Ẹgbẹ́ NPC, tí Sardauna Ahmadu Bello jẹ́ olórí rẹ̀, ni ó ń ṣe ìjọba ní Kaduna. Bàbá àti ọmọ lè wà nínú agbo ilé kan náà kí wọ́n má wà nínú ẹgbẹ́ kan náà. AbdulRazaq wà pẹ̀lú NPC. Àwọn kan yìn ín nítorí rẹ̀, àwọn mìíràn kò sì gbà pẹ̀lú rẹ̀. Iṣẹ́ wa níhìn-ín kì í ṣe láti tún ìjà àtijọ́ jà. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ kíyè sí ni iṣẹ́ tí ó ṣe.

Ó jókòó nínú Ilé Aṣòfin Àríwá ní Kaduna. Ìgbà náà ni ìyípadà ńlá ń dé bá òfin ní Àríwá. Ní ọdún 1958 ìjọba yan ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀, tí adájọ́ àgbà ilẹ̀ Sudan wà lára wọn, láti yẹ òfin ẹkùn náà wò. Lára ohun tí ó ti ibẹ̀ jáde ni ìwé òfin ọ̀ràn tuntun tí a ń pè ní Penal Code. Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní òpin oṣù Kẹsàn-án ọdún 1960, bí òmìnira ti ń wọlé bọ̀.

Ní ọdún 1962 a rán AbdulRazaq lọ sí Abidjan gẹ́gẹ́ bí Aṣojú Nàìjíríà ní ilẹ̀ Ivory Coast. Iṣẹ́ aṣojú ni láti jẹ́ ẹnu ìjọba nílẹ̀ àjèjì, àti láti jẹ́ ojú fún àwọn ará ilé tí ó wà níbẹ̀. Àwọn oníṣòwò Yorùbá sì pọ̀ ní ilẹ̀ náà, pàápàá àwọn ará Ẹjìgbò. Lẹ́yìn ìdìbò ọdún 1964, ó wọ Ilé Aṣòfin àpapọ̀ ní Èkó, ó sì di mínísítà nínú ìjọba Sir Abubakar Tafawa Balewa, ní ẹ̀ka ìrìnnà. Ní ọdún mẹ́wàá péré, ọmọ tí ó jáde ní ilé ẹ̀kọ́ òfin ti di aṣòfin, ó ti di aṣojú, ó sì ti di mínísítà.

Ọjọ́ tí ilé aṣòfin tì

Ní ọjọ́ 15 oṣù Kìíní ọdún 1966, àwọn ológun dìde. A pa Balewa, a pa Sardauna, a sì pa Akíntọ́lá. A ti ilé aṣòfin pa. Kí oṣù Karùn-ún ọdún náà tó parí, a fòfin de gbogbo ẹgbẹ́ òṣèlú. Ẹni tí ó jẹ́ mínísítà ní alẹ́ kò jẹ́ nǹkan kan mọ́ ní òwúrọ̀.

Níhìn-ín ni ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú ìtàn yìí ti hàn kedere. Ẹni tí ipò nìkan jẹ́ iṣẹ́ fún, ọjọ́ tí ipò bá lọ ni ebi dé. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni kò lè sọ òótọ́ fún ọ̀gá rẹ̀, nítorí ẹ̀rù àtijẹ ń bà á. Òun náà ni kò ní fẹ́ kúrò lórí àga nígbà tí àwọn ará ìlú bá ní kí ó máa lọ. Ṣùgbọ́n AbdulRazaq ní iṣẹ́ lọ́wọ́ kí ó tó wọ òṣèlú, iṣẹ́ náà kò sì bá ilé aṣòfin tì. Òfin ni oko rẹ̀, òṣèlú ni ọjà tí ó lọ ná. Nígbà tí ọjà tú, ó mọ ọ̀nà oko.

Ní ọjọ́ 27 oṣù Karùn-ún ọdún 1967, Ọ̀gágun Yakubu Gowon pín Nàìjíríà sí ìpínlẹ̀ 12. A yọ Ìlọrin àti Kàbà kúrò lábẹ́ Kaduna, a sì fi wọ́n ṣe ìpínlẹ̀ tí a wá mọ̀ sí Kwara, pẹ̀lú Ìlọrin gẹ́gẹ́ bí olú ìlú. Ohun tí ìgbìmọ̀ Willink kò fọwọ́ sí ní ọdún 1958 kọ́ ni èyí, nítorí kì í ṣe Ìwọ̀-Oòrùn ni a dà wọ́n pọ̀ mọ́, ṣùgbọ́n Ìlọrin di olórí ara rẹ̀. Gómìnà kìn-ín-ní, Ọ̀gágun David Bamigboye, pe AbdulRazaq sínú ìgbìmọ̀ rẹ̀, ó sì fi í ṣe Kọmíṣánnà fún ètò ìnáwó. Ìpínlẹ̀ tuntun kò yàtọ̀ sí ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nílé bàbá rẹ̀: ó gbọ́dọ̀ ṣírò ohun tí yóò wọlé, kí ó ṣírò ohun tí yóò jáde, kí ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tí ó kúrò nínú iṣẹ́ yìí, ó tún padà sídìí iṣẹ́ òfin.

Ó gba oyè Àgbà Amòfin Nàìjíríà, tí a ń pè ní SAN, oyè tí a kọ́kọ́ fi fún àwọn agbẹjọ́rò méjì ní ọdún 1975. Ó sì jẹ oyè Mutawali ní ìlú Ìlọrin. Ní ọjọ́ 25 oṣù Keje ọdún 2020 ni ó dágbére fún ayé, ní ọmọ ọdún 92. Ojú rẹ̀ rí i kí ọmọ rẹ̀, AbdulRahman AbdulRazaq, tó di Gómìnà Ìpínlẹ̀ Kwara ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2019. Ilẹ̀ tí kò ní agbẹjọ́rò kankan títí di ọdún 1955 ti wá ní púpọ̀ báyìí. Ẹ́míà Ibrahim Sulu Gambari, tí ó gorí ìtẹ́ Ìlọrin ní ọdún 1995, amòfin ni òun náà, adájọ́ ní Kóòtù Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sì ni kí ó tó jọba.

Ohun tí ó kan ìwọ àti èmi

Ẹnìkan lè wí pé, “Èmi kì í ṣe agbẹjọ́rò, n kò sì ṣe òṣèlú. Kí ló kàn mí níbẹ̀?” Ó kàn ọ́, nítorí ọjọ́ kan lè dé tí ìwọ náà yóò dúró níwájú adájọ́.

A ti sọ pé nígbà kan òfin kò gba agbẹjọ́rò láàyè ní kóòtù ìbílẹ̀ ní Àríwá. Nígbà tí a yí orúkọ àwọn kóòtù wọ̀nyí padà sí Area Court ní ọdún 1967, ìdènà náà kò kúrò. Òfin Orílẹ̀-èdè ti ọdún 1979 ni ó fún ẹni tí a bá fi ẹ̀sùn ọ̀ràn kàn ní ẹ̀tọ́ láti yan agbẹjọ́rò tí ó bá wù ú, àwọn kóòtù sì ti fi òfin yìí sọ ìdènà àtijọ́ náà di asán. Òfin Orílẹ̀-èdè ti ọdún 1999, ní ìpín 36, tún fìdí ẹ̀tọ́ náà múlẹ̀. Ẹ gbọ́ díẹ̀ nínú ohun tí ìpín náà wí nípa ẹni tí a fi ẹ̀sùn ọ̀ràn kàn:

1. A gbọ́dọ̀ kà á sí aláìṣẹ̀ títí a ó fi fi ẹ̀rí hàn pé ó jẹ̀bi.
2. A gbọ́dọ̀ sọ ẹ̀sùn náà fún un láìpẹ́, ní èdè tí ó gbọ́, kí ó sì yé e yékéyéké.
3. A gbọ́dọ̀ fún un ní àkókò tí ó tó láti múra ẹjọ́ rẹ̀ sílẹ̀.
4. Ó lè gbèjà ara rẹ̀ tàbí kí ó yan agbẹjọ́rò tí ó bá fẹ́.
5. Bí kò bá gbọ́ èdè tí kóòtù ń lò, a gbọ́dọ̀ wá ògbufọ̀ fún un láìgba owó.

Ẹni tí kò bá ní owó agbẹjọ́rò lè lọ sí ọ́fíìsì Legal Aid Council, ilé iṣẹ́ tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní ọdún 1976 láti máa wá agbẹjọ́rò fún àwọn aláìní nínú irú ẹjọ́ tí òfin là sílẹ̀. Àwọn àgbà wa ti mọ ìdí tí èyí fi dára kí òfin orílẹ̀-èdè tó dé. Wọ́n ní agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni.

Ìparí ọ̀rọ̀

Nígbà tí a tún dé Ọjà-Ọba, a lọ bá ìyá elélùbọ́ wa, a sì sọ ìtàn yìí fún un ní ṣókí. Ó gbọ́ ọ títí, ó wá ní, “Ó yé mi wàyí. Èmi náà, tí ọjà kò bá tà, iṣu mi wà lóko. N kò ní torí pé mo fẹ́ tà kí n fi òṣùwọ̀n èké wọn èlùbọ́.”

A kò ní ọ̀rọ̀ tí ó ju tirẹ̀ lọ. Nígbà tí ẹnikẹ́ni bá wá tọrọ ìbò lọ́wọ́ yín, ìbáà ṣe agbẹjọ́rò, ìbáà ṣe olùkọ́, ìbáà ṣe àgbẹ̀, ẹ bi í léèrè pé: “Kí ni iṣẹ́ rẹ kí o tó wá síhìn-ín, ibo ni ìwọ yóò sì padà sí nígbà tí a bá ní ó tó?” Ẹ̀yin òbí tí ó ní ọmọ tí ó fẹ́ràn ìwé, lọ́kùnrin lóbìnrin, ẹ má ṣe wò ó pé ọ̀nà jìn. Nígbà tí a rán ọmọ ti ọdún 1927 lọ sílé ìwé, kò sí ẹnìkan ní Àríwá tí ó ti rin ọ̀nà náà rí.

Ìbéèrè fún àjọsọ nínú yàrá ìkàwé

1. Sọ ìdí mẹ́ta tí Àríwá fi pẹ́ kí ó tó ní agbẹjọ́rò. Èwo nínú wọn ni ó ṣì wà ní abúlé yín lónìí?
2. Ní ọ̀nà wo ni iṣẹ́ aṣòfin àti iṣẹ́ agbẹjọ́rò fi jọra? Ní ọ̀nà wo ni wọn kò fi jọra?
3. Kí ni ó gba AbdulRazaq nígbà tí ilé aṣòfin tì ní ọdún 1966?
4. Bí a bá fi ẹ̀sùn ọ̀ràn kan aládùúgbò yín tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀tọ́ wo ni ẹ ó rán an létí?